Ọdún Tí Wọ́n Ní Yèyé Mi Ní Àtọ̀sí

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i, ńṣe ni mo máa ń bá a jiyàn. Mo mọ àgbà tó jókòó. Mo mọ̀ wọ́n ní àgbàlá wa ní Ìdó-Ilé, ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n jókòó láti ìgbà tí wọ́n ń sá kòkó títí di ìgbà tí àgbàdo ọdún kejì gbó, wọn kò sì rí nǹkan kan. Èmi tí mo ń da póò nù láràárọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ìgbà tí mo wá la ẹnu náà, ibi tí kò yẹ ni mo ti là á. Mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Àrámọ̀kọ, síbẹ̀ bí ọdún yẹn bá wá sí mi lọ́kàn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n lọ kan ilẹ̀kùn sàréè àwọn mìíràn nínú wọn, kí a jọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Àwa tí à ń gbé ilé náà kò pọ̀. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Àrámọ̀kọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń wẹ alùpùpù rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Màmá mi jẹ́ aránṣọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ohùn ẹ̀rọ yẹn ló ń lé eku, òun ló ń lé oorun ọ̀sán lójú wa. Èmi ni Bọ̀sẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo wọn nígbà náà. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ilé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi owó kòkó kọ́ ọ, ọkọ náà ti kú kí n tó dáyé. Yèyé kì í sọ pé "ilé," "ulé" ni, kì í sọ pé "iṣu," "uṣu" ni, bí mo bá sì fi Yorùbá iléèwé dá a lóhùn, á ní, "Ìwé ti jẹ ahọ́n ọmọ yìí." Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń pín iṣẹ́ ilé, òun ló sì máa ń tọ́ iyán wò kí a tó dá a dúró nínú odó. Kókó kan ṣoṣo nínú iyán, a ó tún gún un. Títí di òní, bí mo bá gún iyán tó ní kókó, mo máa ń wo ẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá gbọ́ tí ayùn dákẹ́ ní òdìkejì títì, a ti mọ̀ pé Bàbá Káfíńtà ń bọ̀. Ọmọ Ìkìrun ni, ó ti wá jókòó sí ìlú wa láti ìgbà èwe rẹ̀, òun ló kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé wa, òun náà ló kan pósí tí wọ́n fi sin ọkọ Yèyé. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Á gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ dání, á wọlé, á jókòó, òun àti Yèyé á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn títí àkókò ìrun Mọ̀gáríbì á fi tó. Kò sí ohun tí wọn kì í jiyàn lé lórí. Yèyé á ní, "Ẹ jẹ uṣu sísun." Bàbá á ní, "Iṣu ni, Ìyá, iṣu. Ẹ̀yin Èkìtì lẹ ba èdè jẹ́." Yèyé á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ re, èé ṣe tí ẹ fi ń jẹ tèmi?" Wọ́n á jọ jẹ ẹ́ tán. Màmá mi máa ń sọ pé ọ̀tá tó bá ń jẹun pọ̀ báyẹn, ọ̀rẹ́ ni.

Iṣẹ́ mi láàárọ̀ ni kí n gbálẹ̀, kí n bọ́ àgùntàn, kí n sì gbé póò Yèyé lọ dà sí ẹ̀yìnkùlé, kí n fọ̀ ọ́. N kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ní ọjọ́ kan mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ pupa, ó dà bí omi tí a fi fọ ẹran. Mo pe Yèyé. Ó jáde, ó wò ó, ó wò mí. "Dà á nù," ni ó wí. "Àbí o fẹ́ gbé e lọ sí ọjà?" Mo ní, "Yèyé, ẹ̀jẹ̀ ni." Ó ní, "Mo ní kí o dà á nù, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́." Mo dà á nù. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó mọ́ ní ọjọ́ kẹta, ó tún padà. Póò tó ti ń kún dé ìdajì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún dé ẹnu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí oníwàásù tó parí, Yèyé á ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Á gbé ọwọ́ sí ìhà ọ̀tún, á fún ẹnu pọ̀, bí a bá bi í, á ní egungun àgbà ni. Aṣọ ìró tó ń ró lẹ́ẹ̀kan wá ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mo gbọ́ràn.

Màmá mi ló rí ìró Yèyé lórí okùn aṣọ, ó rí àbààwọ́n tí kò lọ, ó sì fi ọgbọ́n mú un lọ sí ilé òògùn tó wà lẹ́bàá ọjà. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin tó ń ta òògùn níbẹ̀ kò wo ojú Yèyé, kò fọwọ́ kàn án, kò béèrè ju ìbéèrè méjì lọ. Ṣé ó ń ta yín bí ẹ bá ń tọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí padà, ó ń ka kápúsù sínú ọ̀rá. Ó ní, "Àtọ̀sí ni. Kí ẹni kejì náà wá lo tirẹ̀."

Yèyé ní, "Ẹni kejì wo?"

"Ẹni tí ẹ jọ ń bára yín lò, Màmá."

Yèyé wo kápúsù tó ń kà náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Bí ìwọ bá lè mú kápúsù yìí lọ fún un, kí ó yá." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gba òògùn náà, a sì lọ sílé.

N kò mọ ohun tí àtọ̀sí jẹ́. Mo rò pé orúkọ àìsàn ni bí ibà, bí inú rírun. Nígbà tí mo lọ pọnmi níbi ẹ̀rọ omi ní ọjọ́ kejì, ìyá kan béèrè pé báwo ni ara Yèyé, ó ní òun kò rí i ní ìpàdé ẹgbẹ́. Inú mi dùn pé àgbà ń bi mí ní ìbéèrè. Mo dáhùn ketekete, lójú gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀, pé, "Àtọ̀sí ló ń ṣe wọ́n, mà."  Ẹnì kan pariwo ẹ̀rín, ẹlòmíràn fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbé garawa mi, mo lọ sílé, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti fọ́ ẹyin. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti fi ẹlòmíràn sí ipò olórí, wọ́n ní kí Yèyé sinmi. Ìlú sì ti mú ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó ń wọlé tọ Yèyé lójoojúmọ́, wọ́n fi ṣe ẹni kejì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Àkúrẹ́, Màmá Àkúrẹ́ gbéra. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ pé bí ó bá wọ ilé, àga á mọ̀. Kò tíì mu omi tó fi pe gbogbo wa sí pálọ̀. Wọ́n ní kí n jáde, mo jáde, mo sì dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé.

"Ìyá," ni Màmá Àkúrẹ́ wí, "inú ilé la wà. Ẹ sọ òtítọ́ fún wa, a ò níí gbé e jáde."

"Òtítọ́ wo?"

"Ta ló fún yín?"

"Ta ló fún mi ní kí ni?"

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Yèyé, ẹ má jẹ́ kó di ariwo. Bàbá Káfíńtà ni, àbí òun kọ́?"

Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu Yèyé tí kò dùn ún gbọ́ létí. "Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, ẹ gbọ́. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, ọkùnrin kankan kò fọwọ́ kàn mí, bí kò ṣe àlùfáà tó fi ọwọ́ lé mi lórí. Bí àtọ̀sí bá lè sá pamọ́ sára ènìyàn fún ọdún mẹ́tàdínlógún, à jẹ́ pé bàbá yín ló fi ṣe ogún sílẹ̀ fún mi. Ẹ lọ bi í." Ó dìde, ó ní òun ń lọ wẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Kò ju wákàtí kan lọ tí Bàbá Káfíńtà dé, kẹ́tù ní ọwọ́ kan, ẹ̀pà yíyan nínú bébà ní ọwọ́ kejì. Yèyé ṣì wà ní balùwẹ̀. Bàbá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ara dí i, ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ara ìyá wa kò yá. Wọ́n ní kí wọ́n má gba àlejò." Bàbá Káfíńtà ní, "Èmi ni àlejò?" Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, Màmá Àkúrẹ́ ti dé ẹ̀yìn bàbá mi. "Sọ ojú abẹ níkòó fún un! Bàbá, ẹ̀yin lẹ kó àtọ̀sí ran ìyá wa. Ẹ má tẹ ẹsẹ̀ síbí mọ́." Bàbá Káfíńtà dúró. Ó wo bàbá mi tí ó ti gbé jó lórí itan nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní, "Ṣé Ìyá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?"  Ó gbé ẹ̀pà náà sórí ògiri kékeré iwájú ilé, ó yí padà, ó lọ. Nígbà tí Yèyé jáde tó béèrè ta ló gbé ẹ̀pà síbẹ̀, bàbá mi ní òun kò mọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni mo sọ fún Yèyé bí wọ́n ṣe lé Bàbá Káfíńtà. Kò bú mi, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ró aṣọ rẹ̀, ó jáde, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Kò tíì dé títì tí ìtọ̀ fi já mọ́ ọn lára, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú àwọn tó ń kọjá. Ó padà. Kò tún gbìyànjú mọ́. Ó lè fara da kí wọ́n máa pè é ní alágbèrè, ṣùgbọ́n kò lè fara da kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀. Ayùn ṣì ń dún ní òdìkejì títì lójoojúmọ́, ó ń dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé á sì gbé ojú sókè, á tún gbé e wálẹ̀.

Ẹ wá wo ìwòsàn tí wọ́n fún un. Kápúsù ti ilé òògùn tán, wọ́n ra òmíràn. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Màmá Àkúrẹ́ kó àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì, àgbo àtọ̀sí, ó korò débi pé òórùn rẹ̀ nìkan ń mú mi fa ojú ro. Wọ́n gba ààwẹ̀ fún Yèyé, obìnrin tó ti gbẹ bí igi ìdáná, wọ́n ní kí ó má jẹun di ọ̀sán. Ilé ìwòsàn aládàáni kan, tí n kò ní dárúkọ, yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ní àwọn rí ọyún nínú ìtọ̀ náà ṣùgbọ́n àwọn kò rí kòkòrò tó fa ọyún náà, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì kọ òògùn kòkòrò kan náà fún un. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ronú lé e lórí títí: ẹ rí èéfín, ẹ ò rí iná, ẹ sì ń da omi sí ibi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Kò sí ẹnìkan tó sọ pé bóyá ibòmíràn ló ń jó. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ara Yèyé ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀rí rẹ̀ ń tutù fún òógùn, iyán tó máa ń tọ́ wò kò wù ú mọ́. Mo gún iyán kan tó kún fún kókó, mo gbé e síwájú rẹ̀ kí ó lè bá mi wí. Ó ní, "Ó dára, ọmọ mi." Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Màmá mi ni kò lè gbà á mọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó ilé ni, wọ́n sì ti jẹ́ kó mọ̀ pé ìyá ọkọ kì í ṣe ìyá ẹni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá Àkúrẹ́ pe bàbá mi lórí fóònù pé òun ti rí àgbo tuntun. Màmá mi dá ẹ̀rọ dúró láàárín aṣọ oníbàárà, ó bo ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́." Bàbá mi ní, "Kí ló tó?" Ó ní, "Gbogbo yín." Ó wọ Yèyé láṣọ, ó ká aṣọ àlòkù sí i lábẹ́, ìsinmi iléèwé ni, ó sì mú èmi náà dání. A wọ ọkọ̀ ní Àrámọ̀kọ, ó di ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjerò.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọmọbìnrin Íbò, àgùnbánirọ̀ ni, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "ṣé ó ń dùn yín" lọ. Nọ́ọ̀sì kan ló ń túmọ̀. Ọmọbìnrin yìí ka gbogbo ìwé tí màmá mi kó wá, ó tún un kà, ó fọwọ́ kan ìhà Yèyé, Yèyé sì fò. Ó béèrè ọ̀rọ̀ nípasẹ̀ nọ́ọ̀sì: "Ó ní ta ló wúkọ́ pẹ́ nínú ilé yín rí, Màmá?"

Yèyé ní, "Ọkọ mi. Ukọ́ ló pa á. Ó tó ọdún méjì tó fi ń wú u."

"Ta ló tọ́jú wọn?"

"Èmi ni. Ta ni ìbá tún ṣe é? Èmi ni mo ń gbé orí rẹ̀ lé itan, èmi ni mo ń nu ẹnu rẹ̀."

Dókítà àti nọ́ọ̀sì wo ara wọn. Wọ́n ní kí a máa gbé ìtọ̀ Yèyé wá fún àárọ̀ mẹ́ta, èyí tó bá kọ́kọ́ tọ̀ bó bá ti jí, kí a má dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Wọ́n fún wa ní ìgò. Màmá mi á fi ọ̀rá wé ìgò náà, á fi gèlè wé ọ̀rá, á gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ní ọjọ́ kejì, awakọ̀ béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Màmá mi ní, "Oyin ni." Awakọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò." Màmá mi ní, "Ó ti ní olóyin." Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i tó rẹ́rìn-ín láti oṣù mélòó kan nìyẹn, a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa, awakọ̀ sì ń wò wá nínú dígí.

Wọ́n kó ìgò náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. A dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó gùn ju ọdún lọ. Nígbà tí èsì dé, bàbá mi náà tẹ̀ lé wa lọ gbọ́ ọ. Dókítà ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní tíbíì, inú kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ ló wà. Bàbá mi, ọkùnrin tó kàwé, tó ń kọ lẹ́tà fún ìjọba, ní, "Kò lè jẹ́ òótọ́. Wọn kì í wúkọ́." Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò náà wọ Yèyé lára nígbà tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sí kíndìnrín, ó sùn síbẹ̀, ara àgbà wá rọ̀, ó jí. Ó ní ó lè wọ egungun ẹ̀yìn, ó lè wọ ọrùn, ó lè wọ ilé ọmọ. Bàbá mi tún ní, "Ṣùgbọ́n ikọ́ ni orúkọ rẹ̀." Ó ti sú nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ọ̀gá, àwa la sọ ọ́ lórúkọ. Kòkòrò náà kò gbọ́ Yorùbá." Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé kíndìnrín ọ̀tún Yèyé ti sún kì, kò wúlò mọ́. Dókítà ní bí a bá ti tètè dé ni, bóyá ìbá ṣẹ́ kù. Kò bú wa. Ì bá bú wa.

Yèyé ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Nítorí náà, láti ọ̀dọ̀ bàbá yín ni lóòótọ́." Bàbá mi jáde síta, ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan, a ń gbọ́ ọ tó ń fun imú.

Òògùn oṣù mẹ́jọ ni, wọn kò sì jẹ́ kí a gbé e lọ sílé níbẹ̀rẹ̀. Ojú òṣìṣẹ́ ìlera ìlú wa ni Yèyé gbọ́dọ̀ ti gbé e mì láràárọ̀. Ẹ má rò pé wàhálà tán. Ní ọjọ́ kejì tó lo òògùn, mo ṣí póò, ó pọ́n rokoṣo bí epo. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ké tantan, gbogbo ilé sáré dé. Bàbá mi ní òògùn ń pa ìyá òun, ó ní kí ó dá a dúró. Yèyé kò lò ó fún ọjọ́ méjì, títí òṣìṣẹ́ ìlera fi wá bá wa nílé. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé n kò sọ fún yín pé òògùn yìí máa ń sọ ìtọ̀ di pupa? N kò sọ ọ́ lójú yín?" Ó ti sọ ọ́. Bàbá mi gbà pé ó sọ ọ́. Ó ní òun ń ronú nǹkan mìíràn nígbà náà. Màmá Àkúrẹ́ ní tirẹ̀ ránṣẹ́ pé kí a ya ife àti àwo Yèyé sọ́tọ̀. Yèyé ní kí a fi fóònù sí òun létí. Ó ní, "Nígbà tí ẹ pè é ní àtọ̀sí, ẹ bá mi jẹun. Ó wá di èyí tí mo gbà níbi tí mo ti ń tọ́jú bàbá rẹ, àwo mi di èèwọ̀. Orí rẹ ni kí o yà sọ́tọ̀." Òṣìṣẹ́ ìlera sọ fún wa pé èyí tó wà nínú kíndìnrín kì í gba inú ife ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n yẹ gbogbo wa wò síbẹ̀síbẹ̀, kò sí ẹni tó mú nínú wa.

Títí di òní, bí rédíò bá ń kéde pé ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, mo máa ń dá a lóhùn nínú ilé ìdáná mi pé, "Ẹni tí kò wú u ńkọ́?" Àwọn ọmọ mi rò pé orí mi ti ń dàrú.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara Yèyé ń bọ̀ sípò. Ibà ìrọ̀lẹ́ kọ́kọ́ lọ, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú, ìtọ̀ dẹ̀ ẹ́. Ní oṣù karùn-ún, ó sọ iyán mi padà sínú odó. Ní ọjọ́ tó gbé òògùn ìkẹyìn mì, ó ní kí bàbá mi àti èmi tẹ̀ lé òun. Ọjọ́ ọjà ni, títì kún. Ó rìn láìdúró dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà, ó jókòó sórí pákó kan. Bàbá Káfíńtà ń fá igi, kò gbé orí sókè. Ó ti rù.

Yèyé ní, "Ukọ́ ni. Ukọ́ ọkọ mi tí ẹ kan pósí rẹ̀. Kíndìnrín ló wọ̀."

Bàbá Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà bùbá rẹ̀, ó fa bébà kan yọ, ó ti ká a débi pé ojú ìká rẹ̀ ti fẹ́ já. Kò fún Yèyé, nítorí ó mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n kà. Kò fún bàbá mi. Èmi ló nà án sí. Mo kà á sókè. Èsì àyẹ̀wò ni, láti ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀fọ̀n, ó ní wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí àtọ̀sí, wọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lé e ní ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n kọ ọ́. Bàbá arúgbó yìí ti wọ ọkọ̀ lọ jókòó láàárín àwọn géńdé, ó ti ṣí ṣòkòtò fún àjèjì, ó sì ti ń gbé bébà náà kiri fún ohun tó ju ọdún kan lọ.

Ó ní, "Mo ń dúró de ẹni tí yóò bi mí. Kò sí ẹni tó bi mí."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀fun igi, lójú ọjà, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Káfíńtà ní kí ó dìde, ó ní òun ti gbọ́. Èmi náà kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́ níbi ẹ̀rọ omi, n kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó fọwọ́ kàn mí lórí. Ó ní, "Ìwọ kéré. Àwọn tó gbọ́ ọ ńkọ́?"

Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú kẹ́tù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún wọ inú ilé wa mọ́ láé. Iwájú ilé ló ń jókòó sí, bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí, màmá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní afẹ́fẹ́ ìta tẹ́ òun lọ́rùn. Ọdún mẹ́rin tó kù kí ó kú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Bí òjò bá rọ̀, tó sì ń fọ́n sí i lára lábẹ́ òrùlé, Yèyé á pè é wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní dìde. Yèyé á sì gbé àga tirẹ̀ fúnra rẹ̀, á jáde lọ bá a nínú ìfọ́nká omi náà, wọ́n á sì máa jiyàn.